Ẹni Tó Ń Pa Tòmátì Bàbá Mi

Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá mi fi tọ́ wa, àmọ́ tòmátì ẹ̀yìnkùlé ni àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Bàbá Tòmátì ni wọ́n ń pè é. Àárọ̀ nìkan ló máa ń bomi rin wọ́n, ìdí igi ló sì ń da omi sí, kì í jẹ́ kó ta sí ewé. Kó tó da ike omi kan, á kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣì tutù, á gbé garawa rẹ̀ padà. Aládùúgbò tó bá fi òùngbẹ pa tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tó wá rọ omi lé e lọ́sẹ̀ kejì, á gbọ́ tiẹ̀: "Ìdí nìyẹn tí èso rẹ fi ń là!" Ẹnu rẹ̀ mú, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Ọdún tó kọjá ni ìgbàgbé wọlé dé. Á bomi rin wọ́n tán, á jókòó, kò pẹ́ á tún dìde. "N ò tíì fún àwọn ọmọ mi lómi." Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ nígbà mìíràn. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òdòdó ń rẹ̀ dànù, gbòǹgbò ń rà. Èso mẹ́ta péré la rí. Mo gbaná jẹ mọ́ ìyá mi.

"Màámi, ẹ kúkú gbé garawa yẹn pa mọ́!"

"Kí n wá sọ pé kí ni? Tí bàbá yín bá mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ló ba nǹkan wọ̀nyí jẹ́, kí ló tún kù fún wọn láyé?"

Ní Sátidé kan, bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ilẹ̀. Ẹrẹ̀ ló bá a jáde. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ń pa tòmátì mi?"

Ìyá mi, tí kò da ike omi kan síbẹ̀ rí, lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Ìwọ! Látọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ẹ!" Ó bú u dáadáa. Nígbà tó yá, ó rọ̀, ó di ìka ìyá mi mú, ó tì í bọ ilẹ̀. "Ṣé o rí i? Ó ṣì tutù. Gbòǹgbò náà ń mí. Bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀, kò ní lè mí mọ́."

Ìyá mi ń mi orí, omijé ń kán sí ọwọ́ àwọn méjèèjì. Ojú tì mí fún gbogbo ariwo tí mo ti pa.

Bàbá mi nu ìka mọ́ ṣòkòtò, ó wo àwọn ewé náà, àánú wọn ṣe é.

"Wò ó bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ wọ́n. Kò sẹ́ni tó tíì fún wọn lómi lónìí?"

Ìyá mi gbé garawa, ó lọ pọnmi wá fún un.