Káàdì Mẹ́fà Ògúnjìmí

Ìtàn olóògbé Adébánjọ Ògúnjìmí pọ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ n'Ísọlọ̀ ni ti ọjọ́ tó lọ jókòó lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lórí.

Ọdún 1976 ni. Owó epo ti sọ gbogbo ìlú di olówó tuntun, kò sì sí ilé tí kò fẹ́ ra rédíò. Iléeṣẹ́ tí Ògúnjìmí wà, rédíò ni wọ́n ń tò. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n ní tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta, Ògúnjìmí ló sì ń kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Olúfọlákẹ́ Abórìṣàdé ló ń lu káàdì fún un: ohun tí ọ̀gá bá fi bírò kọ, òun ni yóò lù ú ní ihò-ihò sára káàdì, torí ihò nìkan ni ẹ̀rọ náà lè kà.

"Ọ̀gá, ẹ dìde," ni Fọlákẹ́ wí lọ́jọ́ náà. "Ìwé ẹ̀yà rédíò yẹn gbọ́dọ̀ jáde lónìí."

"Kò ní í jáde."

"Kí ló ṣe é?"

Ògúnjìmí na ìka sí ìlà kan: 0.47E+05. "Wo ẹ̀yìn E yẹn. Márùn-ún! Ta ló ń jẹ́ márùn-ún?"

Ẹ dúró ná, torí ibí yìí gan-an ló ti dùn. Bí nọ́ńbà bá pọ̀, kọ̀ǹpútà a máa ké e kúrú. 0.47E+05 ń sọ pé kí o gbé póìǹtì rìn ní ẹsẹ̀ márùn-ún sápá ọ̀tún, á sì di 47,000. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ kì í kà báyẹn. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni tiwọn: ẹgbẹ̀rún kan ni kílò, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni mẹ́gà. Lójú wọn, òdo, mẹ́ta, mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn E. 47E+03, kílò mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó parí! Èdè FORTRAN tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ kò mọ èyí í ṣe. Ògúnjìmí tí kò fẹsẹ̀ kan yunifásítì rí ló jókòó, tó kọ ètò tó gba káàdì mẹ́fà péré. Bí nọ́ńbà bá ti tó ẹgbẹ̀rún, káàdì yẹn á fi ẹgbẹ̀rún pín in, á fi mẹ́ta kún ẹ̀yìn E, á tún un ṣe títí nọ́ńbà á fi rọlẹ̀. Káàdì mẹ́fà! Orí èèyàn ló ṣe é!

Orí Fọlákẹ́ ló ń fọ́ ní tiẹ̀. Ojoojúmọ́ ni káàdì mẹ́fà yìí ń wọ inú iṣẹ́, bí igun ọ̀kan bá sì ká, ọ̀gá á ní kí wọ́n lu mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lákọ̀tun. Lọ́jọ́ náà, ó ti sú u, ó sì yọ wọ́n kúrò.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntáyọ̀, ọ̀gá pátápátá, sáré wọlé. "Ògúnjìmí, sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ!"

"Sà, tí mo bá sọ̀, ìwé tí ò ṣe é kà ló máa jáde."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀? 47,000 náà ni!"

"Òótọ́ tí Mísbáù tó ń tọ́jú ilé ẹrù ò lè kà, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Wákàtí kan ló fi jókòó, títí Fọlákẹ́ fi lu káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán. Nígbà tó dìde, ìlà ìdérí ẹ̀rọ ti hàn sí ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Fọlákẹ́ kà wọ́n: mẹ́sàn-án. Ó kúkú pín sí mẹ́ta.

Nílé náà, bákan náà ni. Ìyá Ọládùnní, onílé rẹ̀ ní Ṣógúnlé, bi í lọ́jọ́ kan pé ọmọ ọdún mélòó ni.

"Ẹ má fi ọdún dà mí láàmú, Mà. Mo ti lo ìṣẹ́jú-àáyá bílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀."

"Bílíọ̀nù kan!" Ìyá Ọládùnní pàtẹ́wọ́. "O ò sì tíì gbéyàwó?"

Ọ̀gbẹ́ni Akíntáyọ̀ wá ṣèlérí fún Fọlákẹ́: bí ìwé ẹ̀yà rédíò tuntun bá jáde kó tó di ọ̀sán Jímọ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ káàdì lílù, òun náà á di ẹni tó ń kọ ètò. Ọdún mẹ́rin ni Fọlákẹ́ ti ń wá nǹkan yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ibà gbé Ògúnjìmí ṣánlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà ká káàdì rẹ̀ nígun, ó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sápò, ó gbé wọn relé.

Fọlákẹ́ mọ̀ wọ́n lórí. Ó lè lù wọ́n lójú oorun. Àmọ́ ó wo aago, ó pòṣé. "Nọ́ńbà náà ni nọ́ńbà," ló wí, ó sì tẹ ìwé náà jáde láìsí wọn.

Ìwé dé ọ̀dọ̀ Mísbáù. Dúrọ́ọ̀ mẹ́ta ni Mísbáù ní fún rẹsísítọ̀, àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ tó ń dín agbára iná kù nínú rédíò. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ 0 sára ti òkè, 3 sára ti àárín, 6 sára ti ìsàlẹ̀. Bó ṣe rí 0.47E+05, ó wá dúrọ́ọ̀ tí wọ́n kọ 5 sí títí, kò rí i. Ó ronú.

"Márùn-ún sún mọ́ mẹ́fà ju mẹ́ta lọ," ló wí, ó sì ṣí ti ìsàlẹ̀.

Bí kílò mẹ́tàdínláàádọ́ta ṣe fò di ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Nígbà tó fi di Ọjọ́ Ajé, wọ́n ti to igba rédíò. Wọ́n tan àkọ́kọ́, ohùn oníròyìn jáde bí ẹni tó fi ẹ̀wà gbígbóná há ẹnu.

"Ta ló tẹ ìwé yìí?" Ọ̀gbẹ́ni Akíntáyọ̀ bú ramúramù. "Ẹni náà máa lọ sílé lónìí!"

Àsìkò yẹn gan-an ni Ògúnjìmí wọlé, ó wọ súwẹ́tà, ó ṣì ń gbọ̀n. Ó gba ìwé, ó wò ó. Fọlákẹ́ dijú, ó ń dúró de "Ta ló ń jẹ́ márùn-ún?"

"Èmi ni, sà," ni Ògúnjìmí wí.

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí ibà dè mọ́lé?"

"Èmi ni mo kó káàdì lọ sílé, sà. Ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ ni wọ́n ń bi léèrè ilẹ̀kùn."

Akíntáyọ̀ na ìka sí àwọn rédíò náà. "Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe kó tó dọ̀la," ló wí, ó sì jáde.

Òun àti Fọlákẹ́ àti Mísbáù ló jókòó tú rédíò. Nígbà tí wọ́n ṣe igba tán, Fọlákẹ́ na ẹ̀yìn. Ògúnjìmí ò dìde.

"Kí ló tún kù, ọ̀gá?"

"Igba ò pín sí mẹ́ta."

Ló bá gbé rédíò kan tí nǹkankan ò ṣe láti orí àga, ó tú u, ó wò ó, ó dì í padà. Igba ó lé kan. Fọlákẹ́ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni ó jáde.

Ògúnjìmí ò dẹ́kun títọrọ ipò náà fún un lọ́wọ́ Akíntáyọ̀, títí Fọlákẹ́ fi di ẹni tó ń kọ ètò. Kò sì dẹ́kun yíyọ ọ́ lẹ́nu. Ní 1979, ó sùn kò jí, ọmọ ọdún méjìlélógójì.

Iléeṣẹ́ ní kí Fọlákẹ́ tẹ ìwé ìkéde ikú rẹ̀ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ géètì. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ọ̀gá lò láyé kún un. Ìwé jáde: 0.1325E+10.

Fọlákẹ́ dúró wò ó. Ó wo orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bí ẹni pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀.

"Mo ti rí i, ọ̀gá," ló wí, ó pòṣé. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ó padà sídìí iṣẹ́ tó ti kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó lu káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹnikẹ́ni ò rán an. Ìwé tún jáde: 1.325E+09.

Mísbáù ló wá gbà á láti lọ lẹ̀ ẹ́. Ó kà á, ó họ orí. "Àǹtí Fọlákẹ́, mẹ́fà ló kẹ́yìn lọ́dọ̀ mi o. Mi ò ní dúrọ́ọ̀ mẹ́sàn-án."

"Wá ọ̀kan."

Mísbáù wá dúrọ́ọ̀ kan tó ṣófo, ó nu eruku ara rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ 9 sí i. Fọlákẹ́ to káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí igun kankan má baà ká.