Ẹjọ́ Omi Kànga ní Ìkòsì

Ọdún kẹta tí mo di lọ́yà, ìwé àdéhùn ilé ni mo ṣì ń kọ jù ní ọ́fíìsì kékeré mi ní Ògùdù, nígbà tí opó kan láti Ìkòsì gbé omi inú ike wá bá mi. Kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi ṣí ìdérí rẹ̀.

"Lọ́yà, ẹ gbóòórùn ẹ̀."

Epo mọ́tò ni. Táǹkì tí ilé epo kan rì mọ́lẹ̀ lókè àdúgbò wọn ló ń jò, ó sì ti ba gbogbo kànga tó wà nísàlẹ̀ jẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé òfin gbà kí èèyàn díẹ̀ pẹjọ́ lórúkọ gbogbo àwọn tí ìyà kan náà ń jẹ. Lọ́sẹ̀ kejì, onílé àti ayálégbé kún ẹnu ọ̀nà mi. Opó náà ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ wọn.

Ẹjọ́ náà falẹ̀. Lọ́jọ́ kan opó náà pè mí lórí fóònù: ọ̀gá ilé epo ti wá sílé rẹ̀, ó fẹ́ gbẹ́ bóhóòlù fún un, fún òun nìkan, bó bá lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹjọ́. Bí ó bá lọ, àwọn yòókù lè tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ.

"Mummy, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á. Ẹnikẹ́ni ò lè dá yín lẹ́bi."

"Kí n wá máa pọn omi tó mọ́, kí ayálégbé mi máa fi epo wẹ ọmọ? Lọ́yà, irú ìmọ̀ràn wo nìyẹn?"

Ojú tì mí, inú mi sì dùn.

Nígbà tó yá, adájọ́ fúnra rẹ̀ wá wo àdúgbò náà. Lọ́yà ilé epo ní kò sóhun tó ṣe omi yẹn. Adájọ́ ní kí wọ́n fà á. Ó tẹrí sí korobá, ó yára gbé orí sókè, ó kọjú sí lọ́yà ilé epo.

"Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ mu."

Kò mu ún.

A jàre. Kóòtù pàṣẹ kí wọ́n hú táǹkì náà, kí wọ́n sì gbẹ́ bóhóòlù fún gbogbo àdúgbò. Láti ìgbà náà, ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni mò ń ṣe, àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì ti mọ̀ mí dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí omi bóhóòlù náà kọ́kọ́ yọ, kò sẹ́ni tó rí tèmi rò. Mo fara ti ògiri, mo gbé ẹ̀wù lọ́yà mi há abíyá, mo ń wo opó náà lórí ìlà. Ó ń bá ẹnì kan tó fẹ́ já síwájú rẹ̀ jà.