Bí Thongdam Ṣe Sọ Ìsinmi Di Iṣẹ́

Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wọ̀ ọ́, kí ìrẹsì inú apẹ̀rẹ̀ mi le bí òkúta, kí ìwọ̀nba eyín tó ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu má lè jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá sí abúlé wa, Nong Khaen, kó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ìyàwó mi.

Thongdam ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi. Ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì àgbègbè wa, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn ọ̀nà tó bàjẹ́, ẹ̀rọ omi tó kú, àti ẹfọ̀n tó wọ oko olóko. Èèyàn dáadáa ni, ohùn rẹ̀ nìkan ni kò dáa. Owó tó ń ná sórí fóònù, ó kàn ń fi ṣòfò ni, nítorí ẹni tó ń pè ní ìlú kejì á ti gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi ò yé mọ́ nítorí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú Thongdam, ó tún wo ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ga ju òrùlé yìí lọ. Oògùn nìkan ò lè kápá ẹ̀. Ẹ wá nǹkan kan tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe, nǹkan tó máa dùn mọ́ yín. Ẹ lè máa gbin òdòdó, ẹ lè máa kọrin..."

"Kí n máa kọrin kẹ̀? Ta ló máa wá bá mi ṣe iṣẹ́ ìjọba?"

Buasi ìyàwó rẹ̀, tó jókòó tì í, ló dá a lóhùn. "Bàbá Noi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ariwo yín ti sú mi. Ẹ wá nǹkan tó máa mú yín rẹ́rìn-ín kí ọdún rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kásẹ̀ nílẹ̀. Tí mi ò bá rí ẹ̀rín, ọ̀dọ̀ Noi ọmọ mi ní Khon Kaen ni mò ń lọ gbé. Mi ò bá yín jà o. Etí mi ló fẹ́ sinmi."

Ẹ̀rù ba ọ̀gá. Ọkùnrin tó lè jágbe mọ́ gbogbo àgbègbè, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìrẹsì kaná.

Ó kọ́kọ́ ra àdàbà olóhùn iyọ̀. Ó dúró níwájú ilé ẹyẹ náà, ó nàka sí i: "Kọrin! Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní kó o kọrin!" Ẹyẹ náà yadi. Ìgbà tí wọ́n gbé e fún àwọn mọ́ńkì inú tẹ́ḿpìlì ló tó rántí orin.

Mo ṣàánú rẹ̀, mo bá ní kó wá bá wa ní ọgbà tẹ́ḿpìlì. Èmi Singkham ni àgbà àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì oparun fún ọdún náà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, à ń ki ẹ̀tù sínú rẹ̀, a ó sì yìn ín sójú ọ̀run kí òjò lè mọ̀ pé à ń retí òun. Tó bá gòkè, wọ́n á gbé ẹni tó ṣe é sí èjìká. Tí kò bá gòkè, wọ́n á jù ú sínú ẹrẹ̀. Àṣà wa ò mọ ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá.

Mo fún un ní ọ̀bẹ àti igi rírọ̀ pé kó gbẹ́ orí Naga, ejò ńlá inú omi tí a fi ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́ṣọ̀ọ́. Mo rò pé á gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, á sì gba ilé lọ. Àṣé mi ò mọ ọ̀gá! Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àga àti fèrè wá, ó sì pè wá sí ìpàdé.

"Bàbá Singkham, ẹ ti pẹ́."

"Ibo ni mo pẹ́ dé? Ibi ìsinmi?"

"Ìsinmi tí kò bá ní ètò, ọ̀lẹ ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi fèrè sinmi. Tó bá fọn ọ́n, a ó gbádùn ara wa. Tó bá tún fọn ọ́n, a ó dáwọ́ ìgbádùn dúró.

Ṣùgbọ́n igi ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tó bá ń gbẹ́ ìpẹ́ ejò kò lè máa pariwo, ọ̀bẹ á yọ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀, fèrè dákẹ́. Thongdam á tẹ̀ ba lórí igi, á yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ọmọ tó ń kọ ábídí. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ejò náà sì lẹ́wà! Ó ní ìpẹ́ wúrà, ó ní irùngbọ̀n pupa, ó sì ní ojú tó ṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan tí mo ń kọjá.

Buasi máa ń gbé ọbẹ̀ àti ìrẹsì wá, á sì fà mí sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti rẹ́rìn-ín?"

"Ó jọ ọ́ lánàá. Àṣé ó fẹ́ sín ni."

Ọjọ́ ọdún pé. Wọ́n jó yí ejò Thongdam ká, wọ́n yìn ín títí ọ̀fun wọn fi gbẹ. Nígbà tí a dé pápá, mo mú ẹ̀mú jáde láti tú ọ̀ṣọ́ náà, nítorí gbogbo wa, òun náà pẹ̀lú, la mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ wúwo. Thongdam dì mọ́ ọrùn ejò.

"Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀gá, ìhòòhò ni rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń fò."

"Ṣé kí n wá bọ́ ọmọ mi sí ìhòòhò lójú gbogbo ayé?"

"Ẹrẹ̀ ń dúró dè yín o!"

"Ó máa fò!"

Buasi wà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́yìn alùpùpù àbúrò rẹ̀, wọ́n ti fi okùn dì í.

Wọ́n tanná sí i. Èéfín bo gbogbo wa. Ejò náà gbórí sókè bí ẹni tó fẹ́ kí ọba, ó ronú díẹ̀, ó yí ìpinnu rẹ̀ padà, ó sì wọ́ lọ jẹ́jẹ́ sínú oko ìrẹsì, ó kú fín-ín nínú omi.

"Ẹrẹ̀!" ni gbogbo pápá ké.

Kwan, àgbẹ̀ tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ti kú tipẹ́, ló kọ́kọ́ di ẹsẹ̀ Thongdam mú. "Ọ̀gá, ẹ ní kí n lọ máa retí èsì. Èsì ti dé o!" Wọ́n fì í síwá, wọ́n fì í sẹ́yìn, wọ́n jù ú sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tó yọrí, ojú rẹ̀ nìkan ló funfun. Buasi gbá okùn báàgì mú. Thongdam la ẹnu, gbogbo wa fọwọ́ di etí. Ó yíjú, ó rí ejò rẹ̀ tó gbé àgbọ̀n lé etí oko, tí ẹrẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì le bí ojú ọ̀gá ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀lọ́ kan fò jáde látinú àpò ẹ̀wù Thongdam, ó wo àwọn méjèèjì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó jáde lẹ́nu Thongdam kọ́kọ́ dà bí ikọ́. Ó tún jáde. Ó wá dẹ̀rín, ẹ̀rín gidi tó ń mi ikùn rẹ̀.

"Ẹ wò ó! Bó ṣe lẹ́wà tó yìí, ó lẹ́wà kọjá iṣẹ́ ni!"

Buasi sún mọ́ etí ẹrẹ̀. "Bàbá Noi, ẹ tún un rín. Mi ò gbọ́ dáadáa."

"Wá gbọ́ ọ níbí!"

"Ẹ má fọwọ́ ẹrẹ̀ kàn mí o! Aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ dé Khon Kaen nìyí!"

Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi ju agboòrùn nù, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀ tọ̀ ọ́. Báàgì rẹ̀ nìkan ló gun alùpùpù padà sílé.

Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi. Àfi ọ̀pọ̀lọ́ yẹn. Mi ò rí ọ̀pọ̀lọ́ kankan nínú àpò Thongdam. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, irú ẹrẹ̀ wo ni kò ní ọ̀pọ̀lọ́?