Oyinkán Tí Kì Í Fọwọ́ Kan Kíbọọ̀dù

Wọ́n ní Oyinkán ní èèwọ̀. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ àgbà ló di nǹkan fún un láti Ìjẹ̀bú, kí gbogbo ọmọ tó bá kọ́ níwèé lè máa rọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìka rẹ̀ bá kan kíbọọ̀dù akẹ́kọ̀ọ́ kan péré, nǹkan náà á bàjẹ́, iná á sì lọ ní gbogbo Brampton.

Fọlákẹ́mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, láì mọ̀. Ẹ má tíì bínú sí i o. Kò burú léèyàn. Ó kàn ń jowú ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ ètò kọ̀ǹpútà fún báńkì kan ní Èkó kó tó wá sí Toronto, tó ní òun fẹ́ di olùkọ́. Yunifásítì pín òun àti Oyinkán sí ilé-ìwé girama kan náà ní Brampton, lẹ́bàá Toronto, kí wọ́n lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Oyinkán kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ìṣirò ló kà. Ètò kíkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e ni. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ọmọ ń wọ́ lọ. Fọlákẹ́mi á dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, á máa wò wọ́n bí ìyáálé ṣe ń wo ìyàwó tuntun. Àní bí Oyinkán ṣe ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀ láàárọ̀, ó ń bí i nínú.

Àǹtí Oyèbísí, ọ̀gá àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ló wá bu epo sí i. Ó ní àyè iṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa ṣí ní September, òun á sì wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń kọ́ kíláàsì kí òun tó mú ọ̀kan. Iṣẹ́ ẹrù gbígbé tí Fọlákẹ́mi ń ṣe ní warehouse lópin ọ̀sẹ̀ ti sú u pátápátá.

Ó wá ń ṣọ́ Oyinkán. Ó rí i pé bí iṣẹ́ ọmọ kan bá ti há, ńṣe ni Oyinkán á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa bi ọmọ náà ní ìbéèrè. Lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, Fọlákẹ́mi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù fún Mọ̀ríámọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀: ọmọ yẹn kì í fọwọ́ kan kíbọọ̀dù, àfi bí ẹni tó léèwọ̀. Mọ̀ríámọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Mississauga. Àwọn akọrin fi Ìjẹ̀bú kún un, àwọn ìyá ìjọ fi ìyá àgbà kún un. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń sọ ọ́ sí Fọlákẹ́mi fúnra rẹ̀ létí, tòun tiná Brampton. Ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín. Fọlákẹ́mi ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀, torí ó sàn kéèyàn pàdánù sọ́wọ́ oògùn ju kó pàdánù sọ́wọ́ Oyinkán lọ.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Fọlákẹ́mi ló kọ́kọ́ kọ́ kíláàsì. Kọ̀ǹpútà Jayden, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ń ya onígun mẹ́rin láìdúró. Kí ọmọ náà tó lanu, Fọlákẹ́mi ti rí àṣìṣe. Ó gba kíbọọ̀dù, pá-pá-pá, kọ̀ǹpútà náà dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ láti tábìlì dé tábìlì, gbogbo iṣẹ́ parí kí agogo tó lù. Ó wo Oyinkán láti òkè délẹ̀. Ni Àǹtí Oyèbísí bá bi Jayden pé kí ni kò jẹ́ kó dúró tẹ́lẹ̀. Jayden gbé èjìká.

“I don't know. Miss fixed it.”

Ní ti Oyinkán, ìdajì kíláàsì ò parí. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́ sunkún. Oyinkán ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní kó ka ohun tó kọ sóun létí. Ìmọ́lẹ̀ kà á dé àárín, ó rí àṣìṣe náà, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó sì yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún un. Inú Fọlákẹ́mi ń gbóná: àṣìṣe tóun ì bá fi ìṣẹ́jú kan tún ṣe ni.

Oyinkán ni Àǹtí Oyèbísí mú. Fọlákẹ́mi lọ bá Oyinkán níbi tó ti ń wọ kóòtù.

“O kú oríire. Àmọ́ sọ òótọ́ fún mi, Oyinkán. Kí ló dé tí o kì í fọwọ́ kan kíbọọ̀dù àwọn ọmọ?”

“Àǹtí mi, ṣé ti iná Brampton náà ni?” Oyinkán rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Wọ́n ti pè mí láti Burlington nítorí ẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún wa. Fóònù yín lẹ̀ ń tẹ̀.”

Fọlákẹ́mi rántí. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ó rò pé àwọn tí ò mọṣẹ́ ni wọ́n ń bá wí. Ó de bọ́tìnì kóòtù tirẹ̀ dé ọrùn, kò sì kí Oyinkán pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ dé ilé-ìwé yẹn ni Àǹtí Oyèbísí ti sọ fún wọn pé olùkọ́ kọ̀ǹpútà kì í fọwọ́ kan kíbọọ̀dù akẹ́kọ̀ọ́.