Ẹ dúró dè mí, ó máa jáde

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló pa mí lẹ́nu mọ́ lónìí, nínú kíláàsì tèmi gan-an, ní Ìwó níbí.

Mo ní kí oníkálukú sọ ohun kan tó fẹ́ràn nípa ara rẹ̀. Ó kan Rukayat, tó máa ń kólòlò.

"Mo fẹ́ràn bí mo ṣe ń k... k..."

Mo yára bá a parí ẹ̀: "Kéwú!"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró dè mí. Ó máa jáde."

Gbogbo wa dúró.

"Bí mo ṣe ń kọrin fún àbúrò mi títí tó fi máa sùn."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni mo ti ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀, tí mò ń pè é ní ìrànlọ́wọ́. Mo ní, "Má bínú."

Ó ní, "Ó ti tán, mà."

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ta lẹ̀ ń bá a parí?