Òwú Ọ̀já

Níbi àjọ̀dún àwọn ahunṣọ ní Ìkọ̀lé, ìyá arúgbó kan fi ìrànwú lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbìyànjú. Bí òórùn òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n ṣe kan mí nímú, mo tún di ọmọ ọdún méje, ní ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi ní Ààyè.

Ọ̀sán ni. Màámi ti lọ bímọ ní ilé ìwòsàn láti àná. Ìyá àgbà ń kọ́ mi láti ran òwú tí a ó fi hun ọ̀já ọmọ náà. Ẹfun tí kì í jẹ́ kí òógùn ba òwú jẹ́ bo gbogbo ìka wa. Òwú tèmi ń já ṣáá.

Alùpùpù kan dúró. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sí ìyá àgbà létí, wọ́n sì wọlé láì wò mí.

"Ìyá àgbà, ṣé màámi ti bímọ ni?"

Òwú ìyá àgbà já.

"Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, ọmọ mi. Máa ran án lọ."

Mo ń ran án lọ. Nígbà tó yá, tèmi gùn tó apá mi, kò sì já. Mo fò sókè.

"Ẹ wò ó! Bí màámi bá dé, màá fi hàn wọ́n!"

Ìyá àgbà kọjú sí ògiri, èjìká wọn ń mì. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọmọ wọn ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti pé wọ́n fẹ́ kí èmi ní ìyá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Mo rò pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì tún bu òwú.