Abigail Onípíjó, Ẹni Tí Ọ́ìlì Kankan Kì Í Tẹ́ Lọ́rùn

Bí ẹ bá dé Ìdímù lónìí, tí ẹ béèrè olóògbé Tíṣà Abigail, ìtàn ọjọ́ tó fi ẹ̀yìn wa mọ́tò dé ilé ìwòsàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Fọláṣadé, aránṣọ tó ń gbé yàrá iwájú nínú ilé Tíṣà, ló ń rọbí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Tíṣà gbé e sẹ́yìn Píjó àtijọ́ rẹ̀, ó forí lé Ìgándó. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ni jíà kọṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, táyà ò yí. Àfi ìgbà tí Tíṣà fi jíà sí ẹ̀yìn ni ọkọ̀ tó gbéra.

Ẹlòmíì ì bá bọ́ sílẹ̀ kó ká ọwọ́ lérí. Tíṣà ní tirẹ̀ yí ìdí ọkọ̀ sọ́nà ilé ìwòsàn, ó yí ọrùn bí òwìwí, ó sì tẹná. Ọlọ́kadà kan ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pariwo: "Mummy, ẹ̀yìn lẹ̀ ń lọ o!"

"Ìwọ tó ò ń lọ síwájú látàárọ̀," Tíṣà dá a lóhùn, "ibo lo dé?"

Fọláṣadé ń ké níjókòó ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ Ma, ẹ jẹ́ n bọ́ọ́lẹ̀!"

"Kó o bí i sínú kòtò? Jókòó, jàre."

Bí wọ́n ṣe fi ìdí ọkọ̀ wọ ọgbà ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní kí ló dé tí ẹ̀yìn fi ṣáájú. Tíṣà wò ó látòkè délẹ̀: "Ṣé ọmọ lẹ fẹ́ gbẹ̀bí ẹ̀ ni, àbí mọ́tò?"

Fọláṣadé bí ọmọkùnrin láyọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ sì dé, Tíṣà tún fi ẹ̀yìn wa Píjó náà dé ṣọ́ọ̀bù Mùtíù, mẹkáníìkì rẹ̀, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹnu ya Mùtíù. "Ẹ kú ìrìn o, Mummy. Kí ló ṣe jíà yín?"

"Jíà ò ṣe nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ yìí rójú ẹ ni."

Ọmọ Èkìtì ni Tíṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìbáwí. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi Píjó náà sílẹ̀ fún un, èyí tí jíà rẹ̀ máa ń yí fúnra rẹ̀. Irú jíà bẹ́ẹ̀ ní ọ́ìlì pupa tirẹ̀ tó ń mu, bí a bá sì fún un ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò ṣe bí ẹni ń bínú. Ọ́ìlì yìí ni Tíṣà sọ di ẹjọ́ láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ìjẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ kan, ó wọ ìsọ̀ Godswill tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ìkòtún. Godswill gbé ìgò kan jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní èyí bá gbogbo mọ́tò mu, àtijọ́ àti tuntun.

"Bàtà tó bá gbogbo ẹsẹ̀ mu," ni Tíṣà wí, "kò sí ẹsẹ̀ kankan tó bá mu." Ó ṣí ìgò, ó kán díẹ̀ sórí áńkáṣíìfù funfun, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e síwájú oòrùn. "Godswill, zobo lò ń tà. Lọ wá yìnyín sí i."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, Bọ̀ọ̀dá Adéọlá, tó ra jíípù tuntun, fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó ní ọ́ìlì tuntun tó wọ́n jù lóde lòun ń lò, kí Tíṣà náà ra irú ẹ̀. Tíṣà tún sùtánà rẹ̀ ṣe, ó béèrè bóyá bàbá Adéọlá ṣì wà láyé. Adéọlá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti darúgbó gan-an.

"Ṣé wàrà ọmọ ìkókó lẹ fi ń bọ́ wọn?"

Láti ọjọ́ náà, bí Adéọlá bá ti rí i lápá ọ̀tún ṣọ́ọ̀ṣì, apá òsì ló máa ń jókòó sí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀gá àwọn aṣàyàn yìí fọwọ́ ara rẹ̀ rà. Ó rí ìgò kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwòrán ara rẹ̀ jọ ti èyí tí ọkọ rẹ̀ máa ń rà. Mùtíù rọra sọ fún un pé ìgò ló jọra, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Nígbà tí ọkọ mi ń ra èyí, ìyá ẹ ò tíì mọ bàbá ẹ," ni Tíṣà wí. Ó ní kó rọ ọ́ sí i. Mùtíù rọ ọ́ sí i. Ọ́ìlì yẹn gan-an ló gbé Fọláṣadé fẹ̀yìn rìn.

Nígbà tí Mùtíù fà á jáde, ó ti dúdú, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná. Ó gbé e síwájú Tíṣà.

Tíṣà ò wò ó. "Ọ̀nà Ìgándó ni ò dáa," ló wí.

Mùtíù tú jíà náà palẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì wá irú ọ́ìlì tí jíà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kiri títí ó fi rí i. Tíṣà gbóòórùn rẹ̀, ó wá àléébù tì. "Ó jọ pé ojú ẹ ti ń là," ló sọ níkẹyìn. Mùtíù lọ sọ ọ́ fún Aasiyah ìyàwó rẹ̀ bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Nígbà tó yá, ojú Tíṣà ò ríran dáadáa mọ́, imú rẹ̀ náà ò mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, kò fi ìdájọ́ sílẹ̀. Mùtíù á gbé ìgò wá, Tíṣà á gbóòórùn rẹ̀, á ní pàǹtí ni. Mùtíù á wọlé, á dúró díẹ̀, á tún gbé ìgò kan náà jáde. Tíṣà á ní, "Ẹ̀hẹ́n! Èyí lo ò bá ti kọ́kọ́ gbé wá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí di ọjọ́ kan tí Tíṣà di apá rẹ̀ mú. "Mùtíù, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ìgò kan náà ni?"

Ojú ti Mùtíù. "Mummy, ẹ má bínú. Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Ó wù mí kí n máa wò ẹ́ bó o ṣe ń wọlé, tó ò ń jáde. Ọmọ tèmi kì í ṣe tó báyẹn."

Tíṣà sùn, kò jí, lọ́dún tó kọjá. Mùtíù tẹ̀ lé àwọn tó gbé òkú rẹ̀ lọ sin dé Èkìtì, ó dúró ti sàréè láàárín àwọn aláṣọ funfun, ó ń ṣe àdúà tirẹ̀ lábẹ́ ètè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fisáyọ̀, ọmọ Tíṣà, gbé Píjó náà wá. "Bọ̀ọ̀dá Mùtíù," ó ní, "ọ́ìlì yòówù tó bá wà nílẹ̀, ẹ ṣáà rọ ọ́ sí i."

Mùtíù gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ká ní Mummy gbọ́ ohun tó o sọ yìí."

"Ha! Wọn ì bá ti lé mi jáde nílé." Fisáyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Mùtíù náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tó fi tán lẹ́nu wọn. Fisáyọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

"A dúpẹ́," Mùtíù wí. "Látìgbà tí wọ́n ti lọ, gbogbo oníbàárà ló ń sọ̀rọ̀ sí mi dáadáa." Ó wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀. "Ibí yìí ò dùn mọ́."